Àwo Tí Ó Ṣe Opó Nílé Wa

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ti ògiri dáadáa, nítorí ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ẹni tí kò bá rí nǹkan fẹ̀yìn tì lè ti orí ìjókòó ṣubú. Èmi ni Ọdẹ́níyà ará Ìdó-Apá, èmi ni ẹfọ̀n ń gbúròó mi tí ó ń gbàgbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rù kò bà mí rí. Ẹ̀rù gan-an a máa wá sí ilé mi pé kí n jọ̀wọ́ sin òun kọjá odò. Tí a bá sì ń sọ ti kí á mú nǹkan gbẹ, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn lọ, kò sí ohun tí ó ní omi lára tí ó lè bá mi ṣe agídí. Mo ti yan erin, mo ti yan ẹfọ̀n, mo ti yan ẹja àrọ̀ tí ó lóun kò ní kú, orí pẹpẹ mi ni gbogbo wọn ti kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́. Ìyá ìyàwó mi tí ó ń sunkún lọ́jọ́ tí mò ń mú ọmọ rẹ̀ lọ, mo wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, omijé náà gbẹ. Bí mo ti ń wí kiri ìlú nìyẹn, tí mò ń na àyà síwájú bí akọ ẹyẹlé. Ìyẹn ni kí n tó wọ Igbó Ọyẹ́-Ò-Dé. Ní báyìí, bí ọmọdé bá da omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orí mi ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ìkòkò omi yẹn, rọra rín in, a kò tíì dé ibi tí ó wà.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi, ọmọ ilé agbẹ́gi ni. Àwokòtò igi ni iṣẹ́ ilé baba rẹ̀, obìnrin wọn ń gbẹ́ ẹ bí ọkùnrin wọn, inú ohun tí wọ́n bá sì gbẹ́ ni gbogbo ìlú ti ń jẹun. Ìjà kan ṣoṣo ni ó máa ń wà láàárín wa. Bí Àwẹ̀ró bá gbẹ́ àwo, kò ní gbẹ́ ẹ parí. Yóò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó nípọn bí ètè ẹni tí oyin ta, kò ní dán an, kò ní fi òrí pa á, yóò gbé e sí igun yàrá níbi tí oòrùn kò dé tí atẹ́gùn kò ti ń sáré, yóò wá kó èérún igi tí ó ti ara rẹ̀ jáde, yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, ó di ìgbà tí ọyẹ́ bá dé tí ó sì lọ. Bí mo bá bi í léèrè, yóò ní, “Baba Ládùńkẹ́, fi í sílẹ̀, ó ń ṣe opó.” Àṣà ilé wọn ni. Wọ́n ní igi tí a gé, omi inú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ọkọ náà kì í sì í jáde nílé lọ́jọ́ kan. Kí ó tó lọ tán, a kì í kun opó ní osùn, a kì í wẹ̀ ẹ́, a kì í fà á síta. Ọjọ́ tí a bá gbé àwo náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò tutù mọ́, ọjọ́ náà ni ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Èmi a rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn mí. Mo ní, “Àwẹ̀ró, gbé opó yìí wá sórí pẹpẹ ẹran mi, kí n bá a wá ọkọ tuntun kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.” Ó ní, “Ẹran ni o mọ̀ ọ́n yan. Ẹran kì í là sí méjì kí ó da ọbẹ̀ gbígbóná sí ènìyàn nítan.”

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ìjì ti wó igi ọmọ̀ ńlá kan sí ẹnu Igbó Ọyẹ́-Ò-Dé. Igi ọmọ̀ yìí ni àwọn agbẹ́gi fẹ́ràn jù, nítorí ó rọ̀ lábẹ́ irin, kì í sì í bá ènìyàn jà. Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n àti àáké, ó ní òun ń lọ wò ó. Oòrùn dé àtàrí, n kò rí i. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí mo bá nídìí igi náà ni agbọ̀n tí ó dojú dé, ipasẹ̀ Àwẹ̀ró tí ó wọ inú igbó lọ, àti ipasẹ̀ kejì tí ó ń bá a lọ. Ipasẹ̀ kejì yìí ni ó gbé ọkàn mi sókè. Kì í ṣe ti ènìyàn, kì í ṣe ti ẹranko. Ihò róbótó róbótó ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ọmọ odó gún ilẹ̀ lọ, omi sì kún inú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo dúró. Mo wo ẹ̀yìn. Mo rántí pé mo ní ẹran kan lórí iná nílé. Ẹ má fi ojú yẹn wò mí, òótọ́ ni mò ń sọ fún yín. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ni ìyá ọmọ mi, bí mo bá sì padà lásán, kí ni n ó wí fún Ládùńkẹ́? Pé mo lọ yí ẹran? Mo wọlé.

Igbó náà kò dàbí igbó. Òjò kò rọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo nǹkan ń kán. Ewé ń kán, òkúta ń kán, ẹyẹ kan fò kọjá lórí mi, òun náà ń kán. Láti ìgbà tí a ti dá ayé, ọyẹ́ kò fẹ́ dé ibẹ̀ rí, ìdí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Kí n tó rìn jìnnà, ẹ̀tù ìbọn mi ti di ẹ̀kọ. Mo ní kí n pe ọfọ̀ tí baba mi fi lé mi lọ́wọ́, èyí tí iwin ń gbọ́ tí ó ń sá. Mo la ẹnu, omi ni ó kọ́kọ́ jáde, nígbà tí ọfọ̀ fi máa jáde ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà ìdí ààrò. Èmi tí mo ń sin ẹ̀rù kọjá odò, mo wá ẹni tí yóò sin mí, n kò rí.

Ibi tí mo kọ́kọ́ dé ni ẹnu odi kan tí wọ́n fi gbòǹgbò hun. Ẹni tí ó jókòó síbẹ̀, olú ni ó hù bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, omi sì kún inú wọn dẹ́nu. Etí-Kókò ni wọ́n ń pè é. Bí ó ti mi orí sí mi báyìí, omi etí ya lù mí láti òkè délẹ̀.

“Ẹ kú ìkàlẹ̀, bàbá,” ni mo wí. Mo pe iwin ní bàbá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ìyá àti bàbá ni ẹ ò bá pè é pọ̀.

“Àlọ́ kan ni a fi ń wọ ibí,” ni ó wí. “Kí ni ó kú tí ó ṣì ń mu omi? Ó kú, a tẹ́ ẹ, ó tún ń yí ara padà lórí ibùsùn?”

Mo ronú, mo ronú, ọpọlọ mi ń yọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀. “Ọ̀mùtí ni, bàbá.”

“Ọ̀mùtí kò kú. Ó sùn ni.”

Mo ti ń wo ibi tí n ó sá gbà nígbà tí ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Kọjá.”

“Mo ṣèbí n kò mọ̀ ọ́n, bàbá.”

“O kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó bá mọ̀ ọ́n ni à ń lé padà. Òmùgọ̀ ni ọba wa ń fẹ́. Agbárí wọn mọ́ nínú, kì í gba fífọ̀.”

Ẹ̀rù tí ó bà mí tẹ́lẹ̀, ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ ni mo bá nínú àfin. Adágún omi ni àfin náà. Ọba Gbindin jókòó sínú rẹ̀ dé ìbàdí, irùngbọ̀n rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ bí odò tí ó bọ́ láti orí àpáta, àwọn iwin ará àfin sì pọ̀ yí i ká. Ohun tí ó gbé lọ́wọ́ tí ó fi ń mu omi, agbárí ènìyàn ni. Wọ́n fi amọ̀ dí ihò ojú rẹ̀. Wọ́n to àwọn yòókù sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ṣì dé fìlà ọdẹ. Àwẹ̀ró jókòó sórí gbòǹgbò kan, iwin méjì ń fi okùn wọn orí rẹ̀ yíká, wọ́n ń jiyàn bóyá yóò gba omi ẹni méjì.

“Baba Ládùńkẹ́, o dé,” ni Àwẹ̀ró wí. “Jókòó. Má sọ̀rọ̀.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìmọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Ó kúrú, ó mọ́gbọ́n wá, ọmọ ọwọ́ lè tẹ̀ lé e.

“Ọdẹ,” ni ọba wí, “láti ayé baba ńlá mi, agbárí ni a fi ń mu omi níbí. Ṣùgbọ́n agbárí ní ojú. Bí mo bá gbé e sẹ́nu, ó ń wò mí. A fi amọ̀ dí i, amọ̀ yọ́, ó tún ń wò mí. Apòòyì ẹmẹ̀wà mi bá obìnrin yìí nídìí igi, ó ní ó mọ bí a ti ń ṣe ohun ìmumi tí kò lójú. Mo ní kí ó ṣe ọ̀kan fún mi. Bí ó bá gba omi dúró tí kò jò, kí ó máa lọ sílé. Bí ẹ̀kán omi kan bá jáde, mo ti mọ orí tí n ó lò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi í léèrè pé ìgbà wo ni yóò parí rẹ̀.”

Àwẹ̀ró la ẹnu. Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò: ẹnu tèmi ni ohùn ti jáde. Ẹ̀rù ti bà mí dé ibi tí ó ti ń fi aṣọ ìgboyà jó. Mo lu àyà, mo ní, “Kábíyèsí, kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀.”

Àwẹ̀ró yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀.

“Ọyẹ́ kan ni mo fẹ́ tọrọ,” ni ó wí.

“Èmi ì bá sì gbà,” ni ọba wí. “Kò sí ohun tí ó ń lé mi. Ṣùgbọ́n ọkọ ti sọ̀rọ̀, ọ̀la náà dára. Ẹ wọn orí tirẹ̀ pẹ̀lú.”

Apòòyì tí ọba dárúkọ yìí ni ó ni ipasẹ̀ ihò tí mo rí. Ẹsẹ̀ kan ni ó ní, ẹsẹ̀ náà ṣóńṣó nísàlẹ̀ bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta, àtàrí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gún líle mẹ́ta sì yọ sókè níbẹ̀. Wọ́n gé ìtì kan lára igi ọmọ̀ tútù náà, wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gún wọ̀nyí, Apòòyì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí títí ojú àti ìpàkọ́ rẹ̀ fi di ọ̀kan náà. Mo gba irin gbígbẹ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, mo fi kan ìtì náà, irin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi lọ wẹ́rẹ́, èérún ń já bọ́ ní gígùn gígùn bí èèpo iṣu. Iṣẹ́ tí agbẹ́gi ń fi àáké ṣe láti àárọ̀ di alẹ́, ó di róbótó kí n tó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń tú jáde nínú igi náà ń gbá mi létí bí ìyàwó ilé tí ó bá ọkọ rẹ̀ nílé àlè. Apòòyì a sì máa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń yí, ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá kọjú sí mi nìkan ni mò ń gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi ní àbọ̀ àbọ̀. “Ọdẹ, ọwọ́ rẹ yìí dára, n ó sì…” ó yí lọ, ó yí bọ̀, “…jẹ ẹ́ bí àwo náà bá jò.”

“Dúró níbẹ̀ yẹn,” ni Àwẹ̀ró wí. “Jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn.”

Mo ní ọba ni à ń ṣe é fún, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Mo fá a títí ara rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, mo fi ewé ipin dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí i, ẹ ó fẹ́ fi ọmọ yín fún un. Àwẹ̀ró gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ó tutù bí imú ajá.”

“Bí imú ajá bá tutù, ara ajá le nìyẹn.”

“Baba Ládùńkẹ́, mo mọ ohun tí ojú rẹ ń wá kiri yẹn. Mo fi Ládùńkẹ́ bẹ̀ ọ́.”

Iná ni ojú mi ń wá. Mo ní ògùṣọ̀ nínú àpò awọ tí omi kò tíì wọ̀, mo ní òkúta ìṣáná. Mo fi igi kan pẹpẹ bí mo ti ń kan án fún ẹran, mo dáná sábẹ́ rẹ̀, àwọn iwin tí kò rí iná rí láyé wọn pé jọ, èéfín ń yọ lára gbogbo wọn. Mo gbé àwo lé e. Mo yí i bí a ti ń yí ẹran ìgalà, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò pẹ́, ooru funfun ń jáde lára rẹ̀, mo na ìka sí i, mo ní, “Àwẹ̀ró, wò ó, ọkọ rẹ̀ ń lọ.” Ẹnu àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ohun tí ó rí róbótó di gbọọrọ bí ẹnu àrọ̀. Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín ni. Lẹ́yìn èyí ni ó dún.

Gbàù. Ó là láti ètè dé ìdí. Ìró ìbọn gan-an ni, àwọn iwin wọ̀nyí sì mọ ìró ìbọn, nítorí ọdẹ onífìlà yẹn kò kú lásán. Gbogbo wọn bẹ́ sínú omi, ọba gan-an rì, irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ni ó léfòó. Àwẹ̀ró kò dúró dúpẹ́, ó fa ọwọ́ mi, a sáré. A ti rí ẹnu odi lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti ń ro bí n ó ti sọ ọ́ fún yín pé èmi ni mo dá a lọ́gbọ́n, nígbà tí Etí-Kókò dìde. Kò lù wá, kò bú wa. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Omi etí méjèèjì gbé wa padà, ó kó wa jọ síwájú ọba bí pàǹtí.

Ọba ti gbé àwo lílà náà dání. Ó bu omi sí i, omi gba àárín ìka rẹ̀ lọ.

“Kò lójú,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ó lẹ́nu.” Ó ní kí wọ́n gbé òkúta tí wọ́n fi ń yọ orí wá.

Kí n má purọ́ fún yín, bí gbogbo nǹkan ti tutù nínú igbó náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ṣòkòtò mi ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òkúta ti wà lórí ọrùn mi nígbà tí Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí, àlọ́ ẹnu ọ̀nà yín, igi ni. Igi ni ó ń kú tí ó ṣì ń mu omi. A gé e, a tẹ́ ẹ, síbẹ̀ ó ń yí ara padà, ó ń súnkì, ó ń wú, títí omi inú rẹ̀ yóò fi dágbére tán. Nílé baba mi, a máa ń fi í sílẹ̀ kí ó ṣe opó. Ọkọ mi lọ fà á síta, ó jù ú síná pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Igbe tí ẹ gbọ́ yẹn, igbe opó ni.”

Ọba gbé àwo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ìyá mi ṣe opó,” ni ó wí. “Àbúrò baba mi wá fà á síta kí ó tó tó àkókò. Ohun tí ìyá mi fi ojú ọkùnrin náà rí ni kò jẹ́ kí ọkùnrin náà jọba, tí èmi fi jẹ ẹ́. Àwo yìí kò jẹ̀bi. Kí ni kí á ṣe?”

“Kí Apòòyì yí òmíràn, kí a fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó nípọn. Kí ó wá lọ ṣe opó níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́. Omi kò rí ọ̀nà jáde nílẹ̀ yìí.”

“Ó dára. Ẹnìkan yóò gbé e lọ, ẹnìkan yóò dúró.”

Mo tètè dìde, òkúta sì yí ṣubú lọ́rùn mi. Mo ní, “Kábíyèsí, obìnrin kò lè dá igbó kọjá. Ẹ jẹ́ kí akọni gbé e lọ.” Ẹ má bú mi. Ọrùn kan ṣoṣo ni mo ní.

“Baba Ládùńkẹ́,” ni Àwẹ̀ró wí, “bí ìwọ bá gbé àwo yìí délé, ibo ni o máa gbé e sí?”

Gbogbo àfin ń wo pẹpẹ mi tí ó ṣì ń rú èéfín. Bí mo ti di ẹni tí ó dúró nìyẹn. Wọ́n fi ìtàkùn so ẹsẹ̀ mi mọ́ gbòǹgbò. Àwẹ̀ró di àwo nínípọn náà àti èérún rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ, ó wò mí, ó ní, “Máa jẹun o,” ó lọ.

Ẹ bá mi dákẹ́ díẹ̀, ibi tí ẹ̀rù wà gan-an la dé yìí. Iwin kò ṣòro láti bẹ̀rù, ó ní ojú, ó ní eyín, o mọ ibi tí ó wà. Ohun tí mo bẹ̀rù ní Igbó Ọyẹ́-Ò-Dé ni igun yàrá mi nílé. Èmi tí n kò lè dúró de àwo kan rí, ẹ̀mí mi ti wà lábẹ́ èérún igi nínú òkùnkùn, n kò sì rí i. Bí mo bá di ojú, mo ń rí ewúrẹ́ tí ó wọlé, tí ó dùbúlẹ̀ lé e. Mò ń rí aládùúgbò tí ó ní òun kàn fẹ́ rẹ gaàrí sí i ni. Mò ń rí Ládùńkẹ́ tí ó gbé e síta nínú oòrùn kí ó lè rí i dáadáa. Tí mo bá yọ nínú gbogbo ìyẹn, mo tún rò ó pé ilé yóò ti dákẹ́ báyìí, kò sí ẹni tí ń lu àyà, kò sí èéfín ẹran, Àwẹ̀ró sì fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́. Olú hù sí èjìká mi. Ewédò hù sí irùngbọ̀n mi. Ní gbogbo àárọ̀, àwọn tí ń wọn orí wá pẹ̀lú okùn wọn.

“Orí yìí nípọn,” ni ọ̀kan máa ń wí, “kò ní jò.”

“Kò ní gba omi púpọ̀,” ni èkejì á dáhùn. “Odindi egungun ni, kò sí àyè nínú.”

Wọ́n á wá bi mí pé kí ni mo rí sí i. Apòòyì nìkan ni ó ń ṣàánú mi. Ó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó ń yí, ó ní, “Ọdẹ, má sunkún mọ́, ìyàwó rẹ kò ní padà wá…” ó yí lọ. Ọkàn mi já, mo ké bí ọmọ ẹran, mo ti ń dágbére fún ayé, kí ó tó yí ẹnu bọ̀. “…lọ́wọ́ òfo.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá tún fẹ́ tù mí nínú, kí ó dúró lójú kan.

Ọyẹ́ fẹ́ ní ayé, kò fẹ́ dé ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé ó dé nítorí ewé gbígbẹ kan tí atẹ́gùn gbé wọlé láti ìta. Àwọn iwin pagbo yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń sá sẹ́yìn, títí ó fi rin tí ó sì dà bí àwọn yòókù. Mo ti fi ọkàn sí i pé ó parí, mo ti ń bá ọdẹ onífìlà nì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a jọ fẹ́ máa gbé, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan ní ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀mùtí ni, bàbá.”

“Ọ̀mùtí kò kú. Ó sùn ni. Kọjá.”

Àwẹ̀ró ni. Ó ti gbọ́ èmi àti Etí-Kókò láti inú àfin lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó sì mọ̀ pé bí òun bá já àlọ́ náà, wọn ó lé òun padà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó já olú kan léjìká mi, ó gbóòórùn rẹ̀. “Èyí ṣeé sè,” ni ó wí. Ó wá tú àwo náà sílẹ̀.

Àwo ti wọ́, ẹnu rẹ̀ rí bí ẹyin adìyẹ, kò róbótó mọ́. Ẹ̀rù gbá mi láyà. Àwẹ̀ró ní ìdí tí wọ́n ṣe ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó nípọn nìyẹn, opó tí ó bá jókòó pẹ́ yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó fi ẹran ara tí ó kù tún un ṣe. Ó fi ìka kàn án, ó dún kó kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ àtàrí Apòòyì, Àwẹ̀ró gba irin fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀kán omi kan kò tú jáde. Eruku ni. Eruku gbígbẹ bo gbogbo àfin, àwọn iwin tí kò fín eruku símú rí bẹ̀rẹ̀ sí í sín, Etí-Kókò sín, omi etí rẹ̀ dà nù tán, ó sì ń bi wọ́n pé kí ni gbogbo ariwo tí òun ń gbọ́ yìí. Àwo di róbótó. Àwẹ̀ró gbé e lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tí ó ń sùn, omijé bọ́ lójú mi, ó sì yára gbé e kúrò kí n má bàa rẹ ẹ́. Ó fi ewé ipin dán an, ó fi òrí pa á, lẹ́yìn èyí ni ó gbé e fún ọba.

Ọba bu omi, ó kún dẹ́nu. Ó gbé e dání, gbogbo wa na ọrùn. Ìjàpá kan wà tí ó ń gba iwájú àfin kọjá, a dúró títí ó fi kọjá tán. Àwo kò là. Àwo kò dún. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí nígbà tí ẹ̀kán omi kan yọ lábẹ́ àwo náà, ó rọ̀ sílẹ̀, ó tàn yòò, ó já bọ́. Àwọn tí ń wọn orí fa okùn wọn yọ. Mo di ojú. Mo ń wá ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó yẹ akọni, “yéè” nìkan ni mo rí.

“Kábíyèsí,” ni Àwẹ̀ró wí jẹ́jẹ́, “irùngbọ̀n yín ni.”

Ọba fi ọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé e kúrò lórí àwo, ó gbé e sí èjìká. A tún dúró. Abẹ́ àwo náà kò tún ní omi kankan. “Ẹ tú u sílẹ̀,” ni ó wí, “kí àwọn méjèèjì máa lọ.”

Wọ́n gé ìtàkùn lẹ́sẹ̀ mi. N kò dúró dágbére fún Apòòyì, n kò wo ọdẹ onífìlà lẹ́ẹ̀kejì, mo di aṣọ Àwẹ̀ró mú lẹ́yìn bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ mú wá sí ọjà, a ń rìn, a kò sáré, nítorí ẹni tí ó bá sáré ni a ń lé. Gbogbo iwin ti pagbo yí adágún ká, wọ́n gun orí ara wọn, kò sí ẹni tí ó ń sín mọ́. Ọba gbé àwo náà sẹ́nu, kò sí ojú kankan tí ó ń wò ó mọ́. Ó mu ún, ó mu ún, a ń gbọ́ bí ó ti ń lọ ní ọ̀fun rẹ̀ títí a fi dé ẹnu odi. Àgbà iwin kan bi í léèrè pé, “Kábíyèsí, báwo ni ó ti rí?” Àwẹ̀ró dúró, ó yí etí sẹ́yìn. Èmi náà dúró.

“Omi ni,” ni ọba wí.